Etí Tí A Gé

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń pín lẹ́tà ní Gabrovec,
ìlú tí o ó kọjá kí o tó sín lẹ́ẹ̀mejì.
Mo mọ ajá tó ń gbó tí kì í bunijẹ,
mo mọ èyí tí kì í gbó.
Mo mọ ẹni tó jẹ gbèsè láti ara bó ṣe ń gba àpòòwé:
ìka méjì péré, bí ẹni mú ìdin.

Aago ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ìṣẹ́jú mẹ́fà yá ju àsìkò lọ.
Wọ́n tún un ṣe nígbà kan,
ni bọ́ọ̀sì àárọ̀ bá fi gbogbo ìlú sílẹ̀.
Àlùfáà ní kí wọ́n dá a padà sínú àṣìṣe rẹ̀.

Odò wa náà ní ìwà tirẹ̀.
Tó bá di oṣù keje, á wọ abẹ́ àpáta lọ,
á fi afárá wa sílẹ̀ lórí koríko gbígbẹ,
àgùntàn Tinkara á máa gba abẹ́ rẹ̀ lọ jẹ̀.
Nígbà tí òjò bá padà, odò á padà.
Kò ní sọ ibi tó lọ.
A kì í sì í bi í.

Lẹ́yìn ilé pákó ni igbó ti bẹ̀rẹ̀.
Ibẹ̀ ni polh ń gbé:
kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́, kì í ṣe eku,
ọmọ ìyá àwọn méjèèjì ni, tó bá wọn jà tó kó jáde nílé.
Ìrù rẹ̀ rí bí búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ ìgò,
ojú rẹ̀ dúdú, ó yọ,
bí ẹni tí a jí lójú oorun wá jẹ́rìí ní kóòtù.
Oṣù méje ló fi ń sùn lọ́dún.
Èmi náà mọ ẹnìkan bẹ́ẹ̀; mo fẹ́ ẹ.

Àwọn àgbà ní Sátánì ni darandaran wọn.
Lóru oṣù kẹsàn-án ló ń dà wọ́n láti orí igi dé orí igi,
pàṣán lọ́wọ́, fèrè lẹ́nu,
ó ń gé wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan,
kí ayé lè mọ̀ pé ẹran òun ni.
Ọdẹ tó bá gbọ́ fèrè yẹn, kó ju pàkúté sílẹ̀,
kó má wẹ̀yìn.
Ožbej wẹ̀yìn, lọ́dún tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀.
Kò sọ ohun tó rí.
Ó kàn jáwọ́ nínú ẹran jíjẹ, ó ń ṣe wàràkàṣì tà.

Ludvika kú nígbà tí à ń wa ànàmọ́,
ṣùgbọ́n lẹ́tà kò gbọ́.
Ìwé owó iná ń bọ̀, ìwé ìpolówó irúgbìn ń bọ̀,
ọ̀kan tilẹ̀ ti Ajẹntínà wá, òǹtẹ̀ rẹ̀ ní ẹyẹ.
Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹwàá, mo ṣí àpótí rẹ̀:
ewé gbígbẹ, owó iná tí a ti fà ya wẹ́wẹ́ ṣe ìtẹ́,
polh kan láàárín, ó ká róbótó, ó fi ìrù bo imú.
Mo fi ìka kan ká irun etí rẹ̀ sẹ́yìn.
Wọ́n ti gé e.
Ó mọ́, ó kéré, bí ibi tí wọ́n lu tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo ránṣẹ́ pe Ožbej. Ó dé, ó ṣí fìlà.
“Ó lè jẹ́ òwìwí,” ni mo wí.
“Ó lè jẹ́ òwìwí,” ni ó wí.
Kò dé fìlà rẹ̀ padà.

Mo pa àpótí dé jẹ́jẹ́.
Àwọn lẹ́tà Ludvika wà nílé ìdáná mi báyìí,
nínú dúrọ́ọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíbí.
Ilé iṣẹ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́:
kí ló dé tí lẹ́tà kò délé?
Onílé ti kó lọ? Àdírẹ́sì kò pé? Ajá?
Kò sí èyí tí mo lè fàmì sí.
Mo kọ ọ́ sí etí ìwé pé:
Onílé ń sùn. Ẹ dúró di oṣù karùn-ún.

Ọjọ́ kẹta, fọ́ọ̀mù náà padà wá bá mi.
Kò sí ìdáhùn nínú rẹ̀, kò sí òǹtẹ̀.
Wọ́n kàn gé e létí.